Kí Owó Ilé Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín

Bí èsì WAEC bá ti jáde, kì í pẹ́ tí ìwé ìpolówó ilé ẹ̀kọ́ fi máa ń bo ara ògiri. Ní ilẹ̀ Àkókó wa, láti Ọjà Ọba ní Ìkàrẹ́ títí dé Ìwàrò ní Ọ̀kà, ẹ ó rí àwòrán ọmọbìnrin tó wọ aṣọ funfun báláú, tó dé fìlà nọ́ọ̀sì, tí nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òbí tó bá pe nọ́ńbà náà, iye owó ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ilé gbígbé, lẹ́yìn náà aṣọ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi, nítorí owó ò sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn, òun ni mo fẹ́ torí rẹ̀ kọ àlàyé yìí: ṣé ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà mọ ilé ẹ̀kọ́ yìí? Ọmọ mélòó ló gbà kí wọ́n mú lọ́dún kan? Ṣé ọmọ tèmi yóò wà lára wọn?

Nursing and Midwifery Council of Nigeria ni orúkọ ìgbìmọ̀ náà. NMCN ni wọ́n ń kọ, Káńsù ni àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe pè é níbí. Àwọn agbẹ̀bí ti ní ìgbìmọ̀ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ti àwọn nọ́ọ̀sì dé ní 1947, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso. Òfin ọdún 1979 ló da méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan. Káńsù ló ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ, òun ló ń lọ wo ilé ẹ̀kọ́ bóyá ó tó gbà, òun ló ń ṣe ìdánwò àṣejáde, òun náà ló sì ń tọ́jú ìwé orúkọ gbogbo nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé yẹn, òfin kò gbà kó pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, bó ti wù kó mọ abẹ́rẹ́ gún tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ òbí rèé. Ilé ẹ̀kọ́ tí Káńsù bá fọwọ́ sí, ó tún máa ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lè gbà lọ́dún kan fún wọn. Ó ń wo iye olùkọ́, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì tó wà ní ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ yóò ti máa kọ́ṣẹ́, ó ń wo ilé ìkàwé àti yàrá ìdánrawò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 50 ló ní kí wọ́n gbà. Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá lọ gba ọmọ 120, owó ọmọ 120 ni yóò wọlé, orúkọ ọmọ 50 péré ni Káńsù yóò kọ sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ yìí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ìńdẹ́ẹ̀sì, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ló máa ń wáyé. Nọ́ńbà tí ọmọ bá gbà níbẹ̀ ni yóò máa lò títí yóò fi dé ìdánwò Káńsù. Ẹni tí kò bá ní in kò lè jókòó fún ìdánwò náà rárá.

Kí wá ni ti àwọn 70 tó kù? Wọ́n á máa lọ sí kíláàsì. Aṣọ kan náà ni wọ́n á jọ máa wọ̀, wọ́n á jọ máa gbọ́ ẹ̀kọ́ kan náà, ìyá wọn á sì máa fi owó gààrí àti owó ẹ̀pà ránṣẹ́ ní gbogbo sáà. Bí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà, wọ́n á ní kí wọ́n ní sùúrù, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà míì, wọ́n á ti orúkọ wọn mọ́ ti àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn, ọdún mẹ́ta á sì di márùn-ún. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, nọ́ńbà ò ní dé láéláé. Mo gbà pé ìwà ìrẹ́jẹ ni èyí, mi ò sì rí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ilé ẹ̀kọ́ mọ iye tí wọ́n ní kó gbà kó tó gba owó ọmọ kọkànléláàádọ́ta.

Irú ọ̀fìn kan tún wà ní ẹ̀gbẹ́ yunifásítì, ó sì ti gbé àwọn ọmọ tó mọ̀wé dáadáa. Àjọ NUC ló ń fọwọ́ sí oyè yunifásítì. Káńsù ló ń fọwọ́ sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀tọ̀ nìkínní, ọ̀tọ̀ nìkejì. Yunifásítì lè ní ìwé NUC lọ́wọ́ kó má tíì ní ti Káńsù, ọmọ á sì ka ọdún márùn-ún níbẹ̀, á gba oyè tó péye, síbẹ̀ kò ní lè ṣe ìdánwò tí yóò sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní dìgírì nínú iṣẹ́ tí òfin kò gbà á láyè láti ṣe. Nítorí náà, ìwé méjì ni kí òbí bi yunifásítì, kó má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan bo èkejì mọ́ òun lójú.

Káńsù máa ń gbé orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí síta lórí ìkànnì rẹ̀ ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ náà. Ìfọwọ́sí kíkún wà, ti ìgbà díẹ̀ wà, ìfọwọ́sí sì máa ń ní ọjọ́ tó ń parí. Ilé ẹ̀kọ́ tí tirẹ̀ ti parí lọ́dún tó kọjá ṣì lè máa fi ìwé àtijọ́ rẹ̀ kọ́ ògiri ọ́fíìsì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí orúkọ, ẹ lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kejì níbẹ̀, kí ẹ bi í léèrè bóyá òun àti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba nọ́ńbà ìńdẹ́ẹ̀sì. Ọmọ yẹn kò ní ìdí kankan láti purọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá fẹsẹ̀ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀gísílíárì, ìyẹn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn aládàáni ń kọ́ ọmọ láìsí ìfọwọ́sí Káńsù, nítorí pé òun ló ń gba ọmọ wa jù ní Àkókó. Ìlú wo ni kò sí? Ọmọbìnrin kan parí ilé ẹ̀kọ́ girama, kírẹ́díìtì rẹ̀ kò pé, tàbí ó pé, owó ni kò sí. Ìyá rẹ̀ á mú un lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tó wà ládùúgbò, wọ́n á ní yóò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún kan tàbí méjì. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọmọ náà á sì máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́: á gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, á fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa gún abẹ́rẹ́, tí yóò máa so omi mọ́ aláìsàn lọ́wọ́, tí yóò máa gbẹ̀bí lóru nígbà tí dókítà ti lọ sílé. Bí ọdún bá pé, wọ́n á ṣe àjọyọ̀ fún un, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Káńsù kò mọ ìwé yẹn. Kò sí ilé ìwòsàn ìjọba tó lè fi í gbà á síṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sí yunifásítì tí yóò ka ọdún méjì yẹn sí nǹkan kan.

Mi ò kọ eléyìí láti fi bú àwọn ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ wọn lójú àánú, ọ̀pọ̀ wọn sì jáfáfá ju bí a ti rò lọ. Àwọn ni wọ́n ń dúró ti aláìsàn ní òru níbi tí kò sí ẹlòmíràn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn àgbàlagbà tó mọ òtítọ́ ń wo ọmọ ọdún 17 lójú, wọ́n ń sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ló ń dà. Ọmọ tó bá ti wà nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tíì pẹ́ jù: kó ṣe WAEC rẹ̀ tó kù, kó jókòó fún JAMB, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ohun tó ti fojú rí ní wọ́ọ̀dù yóò wúlò fún un ní kíláàsì.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń kó pọ̀ mọ́ ti nọ́ọ̀sì, tó sì jẹ́ iṣẹ́ gidi láyè ara rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, tí a ń pè ní CHEW, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, irú èyí tó wà ní Àkúrẹ́, ìgbìmọ̀ tiwọn lọ́tọ̀ ló sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Àwọn ni ẹ sábà máa ń bá ní ibùdó ìlera alábọ́dé, tí wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, kó lọ kọ́ ọ, kó sì fi yangàn. Àmọ́ kó mọ̀ pé ìwé CHEW kò lè di ìwé nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ iwájú. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá sọ fún un pé ó lè dà á, ilé ẹ̀kọ́ náà ń tàn án ni.

Níbo wá ni ọmọ Ìkàrẹ́ tàbí ọmọ Ọ̀kà lè lọ? Àkúrẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ronú kàn, nítorí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ìpínlẹ̀ wa wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́. Lójú ọ̀nà náà, Yunifásítì Achievers wà ní Ọ̀wọ̀, ti aládàáni ni. Ní ìlú Oǹdó, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, UNIMED, ní ẹ̀ka nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá kọjú sí Èkìtì yóò bá yunifásítì ABUAD ní Adó. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní ẹnu ààlà máa ń gbàgbé pé Kogi sún mọ́ wa ju Èkó lọ fíìfíì: ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ Kogi wà ní Obangede, kò jìnnà sí Òkene, ti ìjọ ECWA sì wà ní Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà, níbi tí àwọn míṣánnárì SIM ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ifẹ̀ àti Ìbàdàn kò gbẹ́yìn. Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ń fúnni ní dìgírì nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, láti 1965. Mi ò torí orúkọ tí mo dá yìí sọ pé kí ẹ má lọ wo ìwé wọn. Ọdún ń yí, ìfọwọ́sí náà ń yí.

Bí ẹ bá dé ilé ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ́ kí ilé tó ga tàbí gílóòbù tó ń tàn gba ojú yín. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wà ní wọ́ọ̀dù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ 15 bá ti yí bẹ́ẹ̀dì kan ká, ẹni méjì ló ń rí ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó ń di egbò, èyí tó kù ń wo ẹ̀yìn ara wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò lẹ́wà púpọ̀ tó súnmọ́ ilé ìwòsàn tí èrò ń wọ́ lọ, tí wọ́n ń gbẹ̀bí tọ̀sán tòru níbẹ̀, mo fẹ́ ẹ ju ilé ẹ̀kọ́ aláràbarà tí ilé ìwòsàn rẹ̀ ṣófo. Ẹ béèrè náà pé nínú àwọn tó ṣe ìdánwò Káńsù kẹ́yìn, mélòó ló yege. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ṣe dáadáa yóò sọ ọ́ láìsí pé ẹ tún un bi.

Kírẹ́díìtì márùn-ún ni Káńsù ń fẹ́: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, nínú ìjókòó tí kò ju méjì lọ. Àwọn òbí kan máa ń bínú sí Físíìsì àti Ìṣirò yìí. Wọ́n á ní kí ni ẹni tó fẹ́ tọ́jú aláìsàn fẹ́ fi ṣe. Ẹ jẹ́ ká wọ wọ́ọ̀dù lọ wò ó. Dókítà kọ ọ́ pé kí omi lítà kan wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí mẹ́jọ. Lítà kan jẹ́ 1,000 mìlílítà. Okùn omi tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀kán 20 ló ń ṣe mìlílítà kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán 20,000, wákàtí mẹ́jọ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Nọ́ọ̀sì pín in, ó rí i pé ẹ̀kán 42 ló yẹ kó máa kán ní ìṣẹ́jú kan. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń kà á, ó ń yí kọ́ńtírólù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bọ́ sí i. Bí aláìsàn náà bá jẹ́ arúgbó tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tí ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí ṣí omi sílẹ̀ gbayawu, omi á kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ rẹ̀ á sọ pé àìsàn ló pa á.

Fífa ẹ̀jẹ̀ sára aláìsàn tún gba ìṣọ́ra ju ti omi lọ. Lójú ọ̀nà Àkùngbá tí gbogbo wa ń gbà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Kò sẹ́ni tó gbàgbé oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì já wọ àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, tí ó pa akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá farapa bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ nílò. Kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ ara rẹ̀, nọ́ọ̀sì á ka orúkọ ara àpò ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹnì kejì á sì tún un kà lójú ara rẹ̀. Á béèrè orúkọ lẹ́nu aláìsàn bó bá lè sọ̀rọ̀, á wo ìgbóná ara, ìlùkìkì ọkàn àti ìfúnpá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán, kò ní lọ síbì kankan fún ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá bá a mu, àkókò yẹn gan-an ni ara máa ń kọ́kọ́ fi í hàn: òtútù, ẹ̀yìn ríro, àìlèmí dáadáa. Iṣẹ́ tí láísẹ́ǹsì dúró fún nìyẹn. Ó ń sọ pé ẹnì kan ti yẹ ọwọ́ nọ́ọ̀sì yìí wò, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè ṣe tún hàn ní 2023, nígbà tí wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà, lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì òdiwọ̀n sábẹ́ ìyá náà, kí agbẹ̀bí lè fojú rí iye ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ gẹ́lẹ́ dípò kó máa fojú bù ú, kó sì ṣe gbogbo ìtọ́jú tó kù pa pọ̀ lẹ́sẹ̀kan náà láìdúró de ọ̀kan kó tó ṣe èkejì. Ẹ̀jẹ̀ yíya tó le gan-an àti ewu tó ń bá a rìn fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá kan níbẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí tí wọ́n kọ́ dáadáa ló ṣe é.

Ẹni tó bá ti rí ilé ẹ̀kọ́ méjì tí ìwé wọn pé yóò wá béèrè pé: kọ́lẹ́ẹ̀jì ni àbí yunifásítì? Tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́ta ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ ọmọ. Ní àìpẹ́ yìí, wọ́n ti ń sọ wọ́n di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND, JAMB sì ti wọ̀ ọ́. Ọdún márùn-ún ni ti yunifásítì, lẹ́yìn náà ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, kí NYSC tó dé. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọmọ máa ń ṣe ìdánwò Káńsù ti nọ́ọ̀sì, ó sì lè ṣe ti agbẹ̀bí àti ti nọ́ọ̀sì àdúgbò kó tó jáde. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 2014, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 400,000, fi hàn pé ibi tí nọ́ọ̀sì oní-dìgírì bá ti pọ̀ sí i, ikú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ń dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn kan péré tí wọ́n bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì ń mú kí ewu ikú fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Síbẹ̀, bí owó ìdílé kò bá tó ti yunifásítì, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó jókòó sílé dè é. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ní ìfọwọ́sí kíkún sàn ju yunifásítì tí ìwé rẹ̀ mẹ́hẹ lọ lọ́nà púpọ̀. Ẹni tó ti ní láísẹ́ǹsì lè gba ọ̀nà direct entry wọ yunifásítì lẹ́yìn náà, yunifásítì NOUN sì ń gba àwọn nọ́ọ̀sì tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n lè máa kà á nígbà tí owó oṣù ń wọlé. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà tí ẹ̀ ń rí ló gba ọ̀nà yẹn.

Bí ìdánwò Káńsù bá dé, ó ní ti ìwé, ó sì ní ti ọwọ́, níbi tí olùdánwò ti máa dúró wo bí ọmọ ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Ẹni tó bá yege yóò forúkọ sílẹ̀, yóò gba ìwé ẹ̀rí RN, yóò sì gba láísẹ́ǹsì. Méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Ìwé ẹ̀rí wà títí láé. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún láísẹ́ǹsì ṣe, nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ń sọ ìmọ̀ dọ̀tun, MCPDP. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Kò sí àrífín níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òkè òkun kò ṣeé fò, torí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọmọ kí wọ́n tó ra fọ́ọ̀mù. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Kofoworola Abeni Pratt, tí wọ́n bí ní 1915, kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1946 sí 1950, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó padà wálé ní 1954, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973. Ní ìgbà tirẹ̀, èèyàn ń lọ láti wá kọ́ ilé. Lónìí, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2025 pé nọ́ọ̀sì mílíọ̀nù 29.8 ló wà láyé ní 2023, mílíọ̀nù 5.8 ló sì ṣì kù kí wọ́n tó tó; ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn nọ́ọ̀sì náà ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní ju ìdajì ènìyàn ayé lọ. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 55 tí WHO ní kí àwọn ẹlòmíràn má máa wá kó òṣìṣẹ́ ìlera wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìlànà yìí: agbanisíṣẹ́ tàbí ejẹ́ńtì kò gbọ́dọ̀ wá sí Nàìjíríà wá ṣa nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé. Ejẹ́ńtì tó bá wá sí Ìkàrẹ́ pé NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rán òun kí òun wá kó nọ́ọ̀sì, ẹ mọ̀ pé ó ti tàpá sí ìlànà àwọn tó ní wọ́n rán òun.

Ẹni tó fẹ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe ìdánwò èdè. Ní IELTS, 7 ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì ń gba 6.5 fún ìwé kíkọ. Yóò ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, yóò sì ṣe ti ọwọ́ nígbà tó bá débẹ̀. Amẹ́ríkà ní ìdánwò NCLEX tirẹ̀. Ní 2023, àwọn aláṣẹ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé èsì tó ń jáde láti ilé ìdánwò kan ní Ìbàdàn kò dá wọn lójú, wọ́n sì ní kí àwọn tó ṣe é níbẹ̀ tún un ṣe. Ẹni tó ṣe òtítọ́ àti ẹni tó ṣe èrú jọ jìyà rẹ̀ ni, èyí sì dùn mí gan-an, nítorí àwọn olóòótọ́ wà nínú wọn tí wọ́n sun oorun díẹ̀ kí wọ́n tó yege.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Káńsù gbé ìwé jáde pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ òkè òkun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde wá fẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti Èkó. Ẹ̀dùn ọkàn wọn yé mi: owó oṣù kéré, ẹrù iṣẹ́ pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ dókítà bẹ́ẹ̀. Ìyà ilé ìwòsàn wa náà yé mi. Ìjọba àpapọ̀ ní òun ti gbé iye ọmọ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlera lè gbà lọ́dún kúrò ní 28,000 lọ sí 64,000, èyí dára, bí olùkọ́ àti wọ́ọ̀dù bá pọ̀ sí i bákan náà. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ìkìlọ̀ lórí owó àjẹmọ́nú àti ipò iṣẹ́ wọn. Mo rò pé bí a bá ń fi òfin dá ènìyàn dúró láìtún ibi tó dúró sí ṣe, yóò kàn máa ka ọjọ́ ni.

Ní Ìkàrẹ́, ilé ìwòsàn ìjọba, State Specialist Hospital, wà. Ní Ìwàrò-Ọ̀kà, General Hospital wà. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fẹ́ kí ọmọ Àkókó tó ti gba láísẹ́ǹsì padà wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: ilé tó bójú mu fún nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ òru, iná tí kì í lọ ní yàrá ìbímọ, owó oṣù tó ń wọlé lákòókò, àti iye nọ́ọ̀sì tó tó kí ẹnì kan má máa dá wọ́ọ̀dù kan tọ́jú láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń dáwó fún gbọ̀ngàn àti fún ọdún ìbílẹ̀. Wọ́n lè dá a fún owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ méjì lọ́dún kan, kí àdéhùn sì wà pé wọ́n á padà wá ṣiṣẹ́ ní Àkókó fún ìwọ̀nba ọdún. Kí wọ́n tó san owó náà, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ìńdẹ́ẹ̀sì ọmọ náà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́.